Ta Ni Eérú Ń Tọ̀?

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe yìí tọ́, ó sì yẹ, ní ayé ìgbà tí olúkúlùkù ń kó eérú ààrò rẹ̀ dà sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dìde, ojú ẹni tí ó dà á ni ó ń padà sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́ta tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ni ní agbègbè Mòwé, Ìbafò àti Ifọ̀, a rí eérú tí kò tọ ẹni tí ó dà á. Ẹlòmíràn ni ó tọ̀ lọ. Nítorí èyí ni a fi rò pé ó yẹ kí a kọ ẹ̀kọ́ kékeré yìí sínú ìwé wa, kí àwọn tí a óò tún rán lọ sí ọ̀nà náà lè mọ ohun tí ojú wọn yóò rí, kí àwọn olùkọ́ wa sì tọ́ wa sọ́nà níbi tí a bá ti ṣì í.

Kí a tó dé ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé ìdálẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni a ti fún ọ̀ràn yìí ní orúkọ. Ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1979, ọ̀mọ̀wé kan tí à ń pè ní Robert Bullard bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ibi tí a ń kó pàǹtí ìlú náà sí. Àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n nínú ààtàn àti ibi ìsunpàǹtí 17 tí ó kà, 14 ni ó wà ní àdúgbò wọn. Ní ọdún 1982 ẹ̀wẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ North Carolina bẹ̀rẹ̀ sí kó erùpẹ̀ tí òróró olóró ti bà jẹ́ lọ rì mọ́lẹ̀ ní Warren County, níbi tí tálákà aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Àwọn ará ibẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ojú ọ̀nà níwájú ọkọ̀ akẹ́rù. A mú ènìyàn tí ó ju 500 lọ, síbẹ̀ a kó erùpẹ̀ náà dé ibi tí a fẹ́ kó o sí. Ní ọdún 1987, ìjọ United Church of Christ tẹ ìwé kan jáde tí ó ka irú ibi bẹ́ẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ náà, ó sì fi hàn pé bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ibi tí a ń da ohun olóró sí, àwọ̀ ara àwọn tí ń gbé àdúgbò ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè, kí ó tó bèèrè iye owó tí ń wọlé fún wọn. Ìwà yìí ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú ọ̀ràn ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́.

Nígbà tí a ń jíròrò èyí ní yàrá ìsùn wa, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní, “Kí ni ó wá kàn wá? Dúdú ni gbogbo wa.” Ìbéèrè náà kò burú. Ní Ifọ̀, ẹni tí ń da èéfín àti ẹni tí ń mí in lè jọ máa kí ara wọn ní èdè kan náà, kódà kí wọ́n jọ máa jókòó nínú ìjọ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àwọ̀ kúrò nínú ọ̀ràn náà, egungun rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: a ń gbé ohun tí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu kò fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹni tí kò ní. Ibi tí ilẹ̀ ti pọ́ọ́kú, tí ọ̀gá ìjọba kò sì ní ìbátan, ni ẹrù náà ń sọ̀ sí.

Ẹ wo Mòwé àti Ìbafò. Kí a tó ṣí òpópó Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, abúlé àgbẹ̀ ni wọ́n, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ọbáfẹ́mi-Owódé lónìí. Ọ̀fàdà tí ó fún ìrẹsì wa ní orúkọ kò jìnnà sí wọn. Lẹ́yìn náà ni owó ilé Èkó gun òkè, tí àwọn tísà, awakọ̀, aránṣọ àti akọ̀wé kékeré bẹ̀rẹ̀ sí kó jáde wá ra ilẹ̀ níbẹ̀. Ilé ṣáájú ọ̀nà, ọ̀nà ṣáájú gọ́tà, gọ́tà ṣáájú omi ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn mẹ́ta ìkẹyìn kò tíì dé. Olúkúlùkù gbẹ́ kànga, olúkúlùkù gbẹ́ ṣalángá, ilẹ̀ kò sì fẹ̀ tó kí èkíní jìnnà sí èkejì. Nígbà tí kò sí ẹni tí ń kó pàǹtí, a ń dá iná sun ún ní ìrọ̀lẹ́, àti ewé àti ọ̀rá àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò ní ọ̀bùn ni wọ́n. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ń gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n; ohun tí wọn kò ní ni ibi tí ìdọ̀tí wọn lè lọ.

Èyí tiẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ ara wọn. Ti òpópó kì í ṣe ti wọn rárá. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, ọkọ̀ akẹ́rù a tò láti Ìbafò títí a kò fi ní rí òpin wọn, wọn a sì máa tú èéfín epo dísẹ́ẹ̀lì sí ojú ọ̀run. Ẹni tí ń lọ sí Ìbàdàn pa fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ dé, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i. Ọmọdébìnrin tí ń kiri omi inú ọ̀rá ń sá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹnu lílà sílẹ̀. Ìmọ̀ ìlera sì kọ́ wa pé eruku tí ojú rí kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí ó tinrin débi pé ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 30 ìnípọn irun orí lọ ni ó ń gba ọ̀fun kọjá wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì lè bá ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Ọmọ tí ń sáré ń mí púpọ̀ ju àgbà tí ó jókòó lọ.

Ní ọ̀nà Ifọ̀, ọ̀ràn náà yí padà. Bí ènìyàn bá ti Ifọ̀ kọrí sí Abẹ́òkúta, yóò kọjá ní Ìtòrí àti Ewékorò. Ní Ewékorò ni a ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960, nítorí pé òkúta ẹfun pọ̀ ní abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. A ń fọ́ òkúta náà, a ń lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀, a ń yan án nínú ààrò ńlá tí ooru rẹ̀ ń dé nǹkan bí ìwọ̀n 1450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ó sì tún un lọ̀ kúnná. Kò sí ìpele kan nínú iṣẹ́ yìí tí kì í mú eruku jáde: fífọ́, lílọ̀, yíyan, àti ọkọ̀ tí ń kó o lọ. A kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí kò jẹ nínú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni a fi kọ́ ilé-ìwé wa yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Ifọ̀ sì ni iṣẹ́ náà fi bọ́. Ẹ̀rọ wà pẹ̀lú tí ń fi agbára mànàmáná fa eruku mọ́ra kí èéfín tó jáde, níbikíbi láyé tí ó bá sì ti ń ṣiṣẹ́ déédéé, eruku a dín kù púpọ̀. Nítorí náà, iye eruku tí ń bà sórí òrùlé kì í ṣe àyànmọ́. Ohun tí a lè náwó sí ni, tí a sì lè kọ̀ láti náwó sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ kún un, nítorí inú olùkọ́ Jọ́gíráfì wa yóò dùn. Ní ìhà wa, fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ẹ̀fúùfù ń ti òkun wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Nígbà ọyẹ́, ó ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá. Abúlé tí ó bá wà ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilé-iṣẹ́ kan ni yóò gba eruku rẹ̀ nígbà òjò, òjò yóò sì fọ èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Èyí tí ó wà ní òdìkejì yóò gba tirẹ̀ nígbà ọyẹ́, nígbà tí kò sí òjò tí yóò fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá lọ wo ìlú náà ní oṣù Keje, tí ó wá kọ̀wé pé gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò parọ́, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan.

A dé ibi tí ó wúwo jù lọ́kàn wa báyìí, èyí ni ọ̀ràn òjé. Gbogbo wa mọ òjé láti ilé. Òun ni a fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn olórìṣà funfun. Òun náà ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Nígbà tí bátìrì bá kú ní Èkó, òjé inú rẹ̀ kò kú. A lè fọ́ ọ, kí a yọ́ òjé náà, kí a sì tà á. Ní Ògìjo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, tí kò jìnnà sí Mòwé, ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé wà láàárín ilé àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ wa àti ti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀. A yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nǹkan bí 7 nínú 10 ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn tó èyí tí ń ṣe ìpalára, kò sì sí òṣìṣẹ́ kan nínú wọn tí ó yọ sílẹ̀. Wọ́n kọ̀wé pẹ̀lú pé òjé náà ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, láti di bátìrì tuntun. Bátìrì lọ, owó lọ, eruku dúró.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé inú ẹ̀jẹ̀ kan tí a mọ̀ tí kò léwu. Ara ènìyàn a máa ṣì í mú fún èròjà tí ń mú egungun le, nítorí náà a fi í pamọ́ sínú egungun àti eyín. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, egungun a tún tú u sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, a sì kan ọmọ inú. Ọmọdé tí ó gbé òjé mì ń fà á mọ́ ara ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà, ọmọdé ni ó sì ń rá, tí ó ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Ohun tí òjé ń bà jẹ́ nínú rẹ̀ ni ohun tí a gbé lé àwa olùkọ́ lọ́wọ́ gan-an: iyè inú, ìfarabalẹ̀, àti agbára láti kọ́ ìwé.

Ẹ gbà wá láyè kí a jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ọmọdékùnrin kan wà ní kíláàsì kẹta tí a gbé lé wa lọ́wọ́, ní abúlé kan ní ìhà Ifọ̀. Ohun tí ó mọ̀ ní ọjọ́ Ajé, kò mọ̀ ọ́n mọ́ ní ọjọ́rú. Inú a máa run ún. A rò pé ó ń díbọ́n. Ó ń jà níbi tí kò sí ìjà. A pè é ní olódo níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì nà án, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, a tẹ̀ lé e délé láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, tísà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kí ni ó tún ṣe?” A kò lè dáhùn, nítorí ojú wa ti lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò bàbá ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó ń fi àdá la bátìrì ọkọ̀. Omi inú wọn ń ṣàn gba gọ́tà kékeré lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìkòkò irin kan wà lórí ààrò, òjé ń yọ́ nínú rẹ̀, ó ń dán bí ojú omi. Kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí ọbẹ̀ wà lórí iná. Ẹ̀wù iṣẹ́ ọkùnrin náà àti aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà wà nínú agbada ìfọṣọ kan.

A bi í pé, níbo ni ó ti ń rí bátìrì tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní láti Èkó ni, pé ọkọ̀ ni ó ń gbé e wá. A ní kí ló dé tí wọn kì í yọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín. “Tísà, bí wọ́n bá yọ́ ọ lọ́hùn-ún, àwọn aládùúgbò á pariwo, ọlọ́pàá á dé. Níbí, ta ni yóò pariwo?”

A sọ ohun tí a mọ̀ nípa òjé fún wọn. Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà gbọ́ wa títí dé òpin, kò bínú, ó kàn bi wá pé, “Bí mo bá dá iṣẹ́ yìí dúró lónìí, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó máa ra ìwé rẹ̀?” A kò ní ìdáhùn, a kò sì tíì ní títí di ìsinsìnyí. Ìyá ni ó wá pinnu pé ìkòkò òjé gbọ́dọ̀ kúrò lágbàlá kí ó tó tún gbé ọbẹ̀ kaná, pé ẹ̀wù iṣẹ́ yóò sì ní agbada tirẹ̀. Ìkòkò náà kúrò. Ó lọ sí ẹ̀bá oko, lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn.

Ẹ kíyè sí i pé a kò sọ pé òjé ni ó mú ọmọ náà gbàgbé ìwé. A kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò; ilé ìwòsàn tí a lọ bèèrè kò ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ àìsùn, ó sì lè jẹ́ ìkọ́ni tiwa náà. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé a ti nà án kí a tó bèèrè.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Senegal, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣa òjé bátìrì nínú iyanrìn, ọmọ 18 kú láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù Kẹta ọdún 2008 kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òkúta góòlù tí a ń lọ̀ nínú agbo ilé ní òjé nínú, ó sì pa ọmọ tí ó ju 400 lọ. Nínú méjèèjì, àwọn òbí kò mọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ kan yà wá lẹ́nu bí a ti ń kàwé lórí èyí. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2011, a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ìkókó oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n wádìí títí: tìróò ni! Tìróò tí a fi lé e lójú fún ẹwà. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ òjé. Nítorí náà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nìkan ni a óò bi léèrè; a ó bi àpò ìpara ìyá wa pẹ̀lú.

A ti yọ òjé kúrò níbi tí ó le ju èyí lọ rí. Nígbà kan, òjé ni a ń pò mọ́ epo bẹntiróòlù, gbogbo ọmọ tí ń gbé lẹ́bàá títì ni ó sì ń mí in. Láti oṣù Kìíní ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti pa epo bẹ́ẹ̀ tì, Algeria sì ni ó pa á tì kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní ọdún 2021. Ohun tí òfin pa tì níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà kò ní ẹ̀yìnkùlé tí yóò sá lọ.

Òfin náà kò sì ṣàìsí ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1988, a bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ohun olóró láti Ítálì ní Kókó, ní ilẹ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, nínú agbo ilé ọkùnrin kan tí a ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún lóṣooṣù. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo ayé. Láti inú rẹ̀ ni òfin tí ó dá àjọ ìtọ́jú àyíká sílẹ̀ ní ọdún náà ti jáde. Àdéhùn Basel tẹ̀ lé e ní 1989, ti Bamako ní 1991. Òfin ọdún 1992 sì ní kí a ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá kan yóò ṣe sí àyíká, kí a sì gbọ́ ẹnu àwọn ará ibẹ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn àdéhùn ńlá náà ń dá ẹrù tí ń ti Ítálì bọ̀ wá sí Kókó dúró. Kò sí bodè kankan fún èyí tí ń ti Ìkẹjà lọ sí Ifọ̀. Ìwé àyẹ̀wò náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́, ó nípọn, ọ́fíìsì ni a sì ń tẹ́ ẹ sí. Ìyá tí ó kúnlẹ̀ kí wa yẹn ní ẹ̀tọ́ láti kà á. Àwa tí a mọ̀wé nínú abúlé náà ni ó yẹ kí a kà á sí i létí ní èdè rẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tí ó ti ṣe é rí.

Nígbà tí a padà dé, a bẹ olùkọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì kí ó fi ohun kan hàn wá tí a lè fi kọ́ ọmọ kíláàsì karùn-ún láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. Ó ní kí a mú àwo funfun, kí a fi fásílì ra ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a gbé e sí ibi gíga tí ọwọ́ kò dé, tí òjò kò sì pa á, fún ọjọ́ méje. A gbé mẹ́ta sí ẹ̀bá òpópó ní Ìbafò, mẹ́ta sí ilé kan ní ìsàlẹ̀ Mòwé, mẹ́ta sí orí àjà ilé-ìwé wa níbí. Ti ìsàlẹ̀ Mòwé pọ́n fún erùpẹ̀ ọ̀nà. Tiwa ní ìkòrikò méjì àti eruku díẹ̀. Ti Ìbafò dúdú, nígbà tí a sì fi ìka kọ orúkọ ìlú náà sí i, gbogbo kíláàsì kà á láti ẹ̀yìn. Olùkọ́ wa kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi àwo náà purọ́: ó ń fi eruku hàn, kò lè fi òjé hàn, nítorí pé òjé inú eruku kò ní àwọ̀ tí ojú ń dá mọ̀. Ó tún kọ́ wa ní ohun tí a lè ṣe fún ọmọ láìdúró de ìjọba: kí a fi omi nu ilẹ̀ kíláàsì dípò kí a gbá a ní gbígbẹ, kí ọmọ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kí ó jẹun kí ó tó wá, nítorí inú òfìfo a máa fa òjé mọ́ra ju inú kíkún lọ.

A kò tíì gbé àwo kankan sí Ifọ̀. Ìgbà òjò ni a wà níbẹ̀, ẹ̀yin sì ti mọ ohun tí a sọ nípa oṣù Keje. Àwo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti di fífọ̀, wọ́n wà nínú àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí a bá rán lọ sí ọ̀nà Ifọ̀ ní oṣù Kejìlá, kí ó mú mẹ́fà, kí ó gbé mẹ́ta sí òkè ẹ̀fúùfù àti mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì bá wa bèèrè ọmọdékùnrin náà. Kíláàsì kẹrin ni ó yẹ kí ó wà báyìí.